Abẹ́ Bàálù: Lámèyítọ́ Ọkọ̀ Òfúrufú Ogun Mẹ́ta ní Ìlúpéjú

A ti ṣe lámèyítọ́ ìwé níbí, a ti ṣe ti eré orí ìtàgé, a tiẹ̀ ti ṣe ti ìpolówó ọjà rí. Lónìí, bàálù ló kàn. Bàálù ogun oníke ni, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù tò pọ̀, tí wọ́n wá fi ọ̀dà kùn títí ó fi jọ èyí tó fò lójú ọ̀run ní tòótọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé ní Ìlúpéjú ló ṣe mẹ́ta tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Akẹ́kọ̀ọ́ mi ni ìyá rẹ̀. N kò ní dárúkọ ẹ̀, torí ó bẹ̀ mí pé kí n má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní yẹ̀yẹ́ tí àwọn ará ibi iṣẹ́ ń fi òun ṣe ti tó.

Orúkọ tí a máa pe nǹkan yìí gan-an ni wàhálà àkọ́kọ́. Bí mo bá ní "ohun ìṣeré", ojú rẹ̀ á fà ro. Àwọn kan á ní "àwòkọ́ṣe", ṣùgbọ́n àwòkọ́ṣe ni ẹni rere tí à ń wò láti hùwà bíi tirẹ̀. Èmi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni hùwà bíi bàálù ajubọ́ǹbù. "Ère" ni mo fara mọ́. Ère máa ń dúró fún ohun tí kò sí níbẹ̀, a sì lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè nípa rẹ̀ pé ta ló gbẹ́ ẹ, kí ló gbẹ́ ẹ fún, ibo ló sì fẹ́ kí a dúró sí wò ó. Ẹ fi ìbéèrè ìkẹyìn yẹn sọ́kàn, torí òun ló gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí.

Ìwọ̀n tó ń lò ni 1/72. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà di íńṣì kan, ìyẹn ni pé géńdé ọkùnrin kò ga ju oríkèé àtàǹpàkò yín lọ. Ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, James Hay Stevens, lo ìwọ̀n yìí fún àwọn bàálù onígi tí wọ́n ń pè ní Skybirds ní àwọn ọdún 1930. Nígbà tí Airfix bẹ̀rẹ̀ sí í ta Spitfire oníke ní àwọn ọdún 1950, ìwọ̀n kan náà ni wọ́n lò. Spitfire V tí ìyẹ́ rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 11.23 wá di ohun tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 15.6 lọ. Ẹ lè gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ méjì.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ ọmọ olówó ni. Lórí tábìlì kan náà tí wọ́n ti ń jẹun ló ti ń ṣe é, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti palẹ̀ abọ́ mọ́. Ó ní ìfọ́n-ọ̀dà kékeré kan tó dà bíi kálàmù, ṣùgbọ́n iná ló ń gbé ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, ẹ sì mọ bí iná wa ṣe rí. Nítorí náà bọ́ọ̀ṣì ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀dà tí wọ́n dìídì ṣe fún iṣẹ́ yìí lókè òkun kò rọrùn láti gbà lọ́wọ́ oníbàálù, torí ohun tó lè gbiná ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ó wá ń lọ sí Ládípọ̀, lọ́dọ̀ àwọn tó ń po ọ̀dà mọ́tò, ó ń mú káàdì àwọ̀ dání, wọ́n á po tirẹ̀ fún un nínú ìgò kékeré bí ẹni ń wọn oògùn. Bọ́dì fílà tí àwọn páńẹ́ẹ̀lì bítà fi ń dí ibi tí dáńfó ti rún náà ló fi ń dí àlàfo ìyẹ́ Spitfire. Lásìkò òjò, fánísì rẹ̀ á funfun bí ẹni da omi ògì sí i, torí ọ̀rinrin. Tí ọyẹ́ bá dé, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn kó tó gbẹ. Ó ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni Ọlọ́run fi sílẹ̀ fún òun lọ́dún láti kun fánísì.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ náà.

Àkọ́kọ́ ni Spitfire. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lábẹ́ ibi tí awakọ̀ ń jókòó sí, a kọ ọ́ wẹ́wẹ́ pé: Nigeria Oyo Province. Kì í ṣe pé ọmọkùnrin yìí ń ṣe àpọ́nlé fún ìlú bàbá rẹ̀. Bàálù bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣètò pé ìlú tàbí ẹgbẹ́ tó bá dá £5,000 ti ra Spitfire kan, wọn yóò sì kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára. Owó lọ láti Nàìjíríà. Wọ́n tiẹ̀ sọ odindi ẹgbẹ́ bàálù kan ní orúkọ wa: Squadron 91 (Nigeria), tí lẹ́tà rẹ̀ jẹ́ DL, tó ń gbéra láti Hawkinge ní etíkun Kent. R. W. Oxspring ló ń darí ẹgbẹ́ náà ní 1942, àkókò tí ọ̀dọ́mọkùnrin wa sì yàn fún tirẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ẹ̀yin ará Ifẹ̀, ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà, ẹ fara balẹ̀ kẹ́ ẹ gbọ́ tiyín: ẹ̀yin náà wà nínú Oyo Province nígbà yẹn. Owó yín wọ̀ ọ́, Ọ̀yọ́ ló gba orúkọ. N kò fẹ́ ìjà lórí èyí.

Ọ̀pọ̀ yín á ti máa retí pé kí n figbe ta nítorí àmì ohùn. Ọ̀yọ́ kọ́ ló wà lára bàálù yẹn, "Oyo" ni, kò sí àmì lókè, kò sí kíún lábẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣe dáadáa bó ṣe fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ilé ìtẹ̀wé ló ti ń ṣiṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló tẹ lẹ́tà náà sórí ìwé àlẹ̀mọ́ tí wọ́n ń rẹ sómi. Ká ní ó wù ú, ì bá fi kíún sí i. Orúkọ tí èèbó fi ń pe àgbègbè tó ń gbowó orí lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ, kì í ṣe orúkọ tí à ń pe ara wa. Kíún kan lábẹ́ o yẹn ì bá sọ ère náà di irọ́.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti já mi kulẹ̀ ni gbígbó. Àwọn tó ń ṣe bàálù kékeré fẹ́ràn kí ó dà bí ẹni pé ó ti jìyà: ọ̀dà tó bó, epo tó ṣàn, èéfín lẹ́nu páìpù. Òun náà mú fàdákà, ó kán an káàkiri ìyẹ́ bí ẹni pé adìẹ ti ṣa ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bàálù ojú ogun kì í pẹ́ láyé tó bẹ́ẹ̀. Ibi tí awakọ̀ àti àwọn mẹkáníìkì ń tẹ̀ gòkè, nídìí ìyẹ́, ibẹ̀ ló yẹ kó bó. Ẹnikẹ́ni kì í rìn dé ṣóńṣó ìyẹ́. Ẹ rántí Robert Farris Thompson, tó kó ọ̀rọ̀ àwọn alámèyítọ́ ère nílẹ̀ Yorùbá jọ, tó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1973. Ọ̀kan nínú òṣùwọ̀n tó gbọ́ lẹ́nu àwọn baba wa ni jíjọra: kí ère jọ ohun tó dúró fún, àmọ́ kó má jọ ọ́ jù, kó má sì jìnnà sí i jù. Spitfire yìí jọ bàálù tó gbó ju bí bàálù kankan ṣe gbó lọ. Àwòrán gbígbó ló ń yà, kì í ṣe ti bàálù.

Èkejì dára ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Halifax ni, ajubọ́ǹbù ńlá tó ń fò lóru, ti Squadron 76 ní Holme-on-Spalding Moor, ní Yorkshire. Imú rẹ̀ ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí: Achtung! The Black Prince. Nítorí ọmọ wa kan, Akin Shenbanjo, tó ń bójú tó rédíò nínú bàálù náà, tó sì gba àmì-ẹ̀yẹ DFC, ni wọ́n ṣe sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo lè fi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ni ní kíláàsì lórí ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn. Black Prince ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe Edward, ọmọ ọba wọn kan ní ọ̀rúndún 14, jagunjagun paraku. Wọ́n wá gbé e wọ ọmọ Yorùbá, àwọ̀ ara rẹ̀ sì di eré ọ̀rọ̀. Ṣé ìfẹ́ ni àbí ẹ̀fẹ̀? Lójú tèmi, méjèèjì ni. Bí àwọn ọkùnrin méje tó lè kú lálẹ́ kan náà ṣe máa ń pe ara wọn nìyẹn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ló wù mí jù. Achtung, èdè Jámánì ni, "ẹ ṣọ́ra" ni ìtumọ̀ rẹ̀. Àwọn ará Jámánì tó wà nísàlẹ̀ ló ń bá wí. Ta ló wá lè kà á nínú wọn, lóru, láti ìsàlẹ̀, nígbà tí bàálù wà lókè réré? Àwọn ọ̀rẹ́ Shenbanjo tó dúró lórí pápá nìkan ló kà á. Gbólóhùn tí a darí sí ẹnì kan ṣùgbọ́n tí ẹlòmíràn ń gbọ́: ẹ̀yin tí ẹ bá mi ka ìmọ̀ ìlò-èdè, ẹ mọ orí tó wà.

Níbí, ọwọ́ ọmọkùnrin náà balẹ̀. Dúdú tó fi kun abẹ́ Halifax kò dán, ó dà bí èédú. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, torí kí iná tí àwọn ọ̀tá ń tàn sójú ọ̀run má bàa mú un ni wọ́n ṣe ń kun abẹ́ ajubọ́ǹbù òru ní dúdú. Mo gbóríyìn fún un.

Ẹ̀kẹta ni MiG-17. Tiwa nìyí. Oṣù Ògún 1967 ni MiG-17 bẹ̀rẹ̀ sí í dé sí Kánò láti ilẹ̀ Sófíẹ́tì, oṣù kan lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun òfúrufú wa kò tíì pé ọdún mẹ́rin nígbà náà. Àwọn ará Íjíbítì àti àwọn àjèjì tó ń jà fún owó wà lára àwọn tó wa bàálù yìí fún wa. Ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 13 lórí tábìlì. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kùn ún ní fàdákà, ó tẹ òbìrìkìtì aláwọ̀ ewé-funfun-ewé fúnra rẹ̀, ó sì dán an títí ẹ fi lè wo ojú yín nínú rẹ̀. Ó dúró lórí pátákó kan tó kùn bíi kọnkéré pápá ọkọ̀ òfúrufú, kò sí ẹyọ epo kan nílẹ̀.

Dídán wà nínú òṣùwọ̀n àwọn baba wa pẹ̀lú. Ère tó dára gbọ́dọ̀ dán kí òjìji lè hàn lára rẹ̀. Bí ojú nìkan la bá fi wò ó, MiG yìí ló dára jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sí ibi tí gọ́ọ̀mù ti yọ, kò sí ibi tí àlẹ̀mọ́ ti ká. Ṣùgbọ́n ara mi kò gbà á, n kò sì tètè mọ ohun tó fà á.

Ọ̀rẹ́ mi kan ló là mí lójú. Ọmọ Ìgbò ni, a jọ fi iṣẹ́ olùkọ́ ṣòwò ni, ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ti ọmọkùnrin yìí. Mo mú un dání lọ́jọ́ kan tí mo lọ wo àwọn bàálù náà. Ó wo Spitfire, ó rẹ́rìn-ín sí Oyo Province. Ó wo Halifax. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ MiG, kò sọ̀rọ̀. Ó tọrọ àyè, ó gbé e kúrò lórí pátákó, ó sì dojú rẹ̀ dé, ó ń wo ikùn rẹ̀. Ó pẹ́ lẹ́nu ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà ogun, ní abúlé kan ní apá Owerri. Ó ní, "Prof, ibí yìí ni mo mọ̀. N kò rí òkè rẹ̀ rí." Lẹ́yìn náà ló bi ọmọkùnrin náà pé ibo ni ihò ìbọn wà.

Kò sí ihò. Ìbọn mẹ́ta ni MiG-17 ń gbé lábẹ́ imú, ńlá kan ti mìlímítà 37 lápá ọ̀tún, méjì ti mìlímítà 23 lápá òsì. Ọmọkùnrin náà lẹ̀ wọ́n mọ́ ọn, àmọ́ kò lu ẹnu wọn. Abẹ́ ìyẹ́ náà, ọ̀dà ibẹ̀ kò dọ́gba, ìlà ibi tí ike méjì ti pàdé ṣì hàn gbangba. Ó ṣàlàyé fún wa láìtijú pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ń ṣe. Bí bàálù bá ti wà lórí tábìlì, ta ló ń wo abẹ́ ẹ̀?

Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí mo ní sọ. Bàálù ogun jẹ́ ohun tó ń sọ̀rọ̀ sí apá méjì. Òkè rẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń bá àwọn ará ilé sọ̀rọ̀: orúkọ, àsíá, àmì ẹgbẹ́. Abẹ́ rẹ̀ ń bá ẹni tó wà nísàlẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sì dìídì ń sọ ọ́ ni. Ẹ tún wo Spitfire yẹn: àwọ̀ ewé àti eérú lókè, eérú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lábẹ́, kó lè wọ inú àwọ̀ sánmà. Ti Halifax dúdú nítorí òru. Ẹni tó kun abẹ́ bàálù mọ̀ pé ẹnì kan wà nílẹ̀ tó ń wòkè. Ère tí kò náání abẹ́ ti mú olùgbọ́ kan kúrò nínú gbólóhùn. Nínú ogun tiwa, olùgbọ́ yẹn ni obìnrin tó ná ọjà lọ́sàn-án gangan, ni aláìsàn tó dùbúlẹ̀ sí ọsibítù. Bọ́ǹbù bọ́ sórí ọjà, ó bọ́ sórí ọsibítù ní Biafra, àwọn oníròyìn láti òkè òkun wà níbẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́. "Take cover!" ni igbe tí àwọn ọmọdé ibẹ̀ mọ̀ kí wọ́n tó mọ Gẹ̀ẹ́sì mìíràn. Àwa ọmọdé apá ìwọ̀-oòrùn, inú rédíò la ti gbọ́ ogun yẹn.

Ohun tó tún wá yà mí lẹ́nu ni pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ọnà yìí rí látilẹ̀ wá. Ní 1942, àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà bẹ àwọn ilé-ìwé wọn pé kí àwọn ọmọ gbẹ́ bàálù onígi 500,000 fún wọn, ní ìwọ̀n 1/72 kan náà yìí. Dúdú ni gbogbo rẹ̀, kò sí àsíá, kò sí orúkọ. Wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ ogun láti dá bàálù mọ̀ láti ìsàlẹ̀, kí wọ́n lè mọ ti ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ti ọ̀tá kó tó dórí wọn. Ẹni tó ń wòkè ni wọ́n ṣe é fún. Ìgbà tí ogun parí, tí ike dé, tí ọ̀dà pọ̀, ni wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sórí tábìlì, tí gbogbo wa sì bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó láti òkè bí ẹni pé àwa ni Ọlọ́run.

Àwọn agbẹ́gilére wa náà ti gbẹ́ bàálù rí, ẹ ò gbọdọ̀ gbàgbé. Ó wà lára ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ilẹ̀ Kétu àti Ẹ̀gbádò, bàálù odindi lórí ère, òǹjó á gbé e sórí, á máa bá a jó. Kò sí ẹni tó fi rúlà wọ̀n ọ́n, kò sì sí ẹni tó ka ìdè ara rẹ̀. Àmọ́ orí ènìyàn ni bàálù yẹn wà, ọmọdé tó jókòó sílẹ̀ níwájú agbo gbọ́dọ̀ gbójú sókè kó tó rí i.

Mo sọ gbogbo èyí fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Kò gbà wẹ́rẹ́. Ó ní, "Prof, ẹ ẹ̀ rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan lára Halifax torí pé ọmọ Yorùbá wà nínú ẹ̀. Àwọn tó wà lábẹ́ ìyẹn ńkọ́? Ṣé kò sí ìyá àti ọmọ ní Jámánì ni?" Ọ̀rọ̀ gidi ni, inú mi sì dùn pé ọmọ akẹ́kọ̀ọ́ mi ló bi mí. Èsì mi ni pé ìyẹn gan-an ni mò ń wí, kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀: abẹ́ Halifax ló ṣe dáadáa, dúdú tó fi kùn ún ló jẹ́ kí a rántí pé àwọn kan wà nísàlẹ̀ tí wọ́n ń wá a kiri pẹ̀lú iná. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ èyí tó dára jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ní tí òun bá wá kó ìbànújẹ́ lé MiG lórí, ṣé òun á fi ọ̀dà pupa kun ilẹ̀ ni? Rárá o. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ọ̀dà ṣe kò sàn ju ìpata tó kán sí ìyẹ́ Spitfire lọ. N kò ní kó kó ìbànújẹ́ lé e. Ohun tí mo ní kó ṣe kò ju iṣẹ́ ọwọ́ lọ: kó lu ẹnu ìbọn, kó fi sáńdípépà ra ìlà abẹ́ rẹ̀, kó pa dídán ara rẹ̀ kù díẹ̀, kó sì kó ẹsẹ̀ rẹ̀ wọnú bí ti bàálù tó ń fò, kó yọ ọ́ kúrò lórí pátákó.

Ó ti lu ẹnu ìbọn. Abẹ́rẹ́ tó fi iná mú gbóná ló fi lù ú, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gún régé. Ó ti tún abẹ́ ìyẹ́ kùn, ó sì ti pinnu láti fi okùn ìpẹja so ó rọ̀ sí àjà. Wàhálà tó kù ni ibi tí yóò so ó sí. Fáànù wà láàrin pálọ̀, yóò gé e. Yàrá ọmọ nìkan ni àyè wà, lókè ibùsùn, ìyàwó rẹ̀ sì ti fárí gá pé ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ kò ní rọ̀ lókè ọmọ òun tó ń sùn. Nígbà tí mo kọ èyí, inú páálí ló ṣì wà.